Ohùn Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n ní kí á pa á. A kò tíì gbọ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú orin náà tí wọ́n fi na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Ta ló dá ọ̀rọ̀ padà sí ìyá mi lẹ́nu?" Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Ọmọ tó ṣe orin, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Mo fẹ́ kó dùn létí ni." Ni gbogbo ilé bá yíjú sí mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ti ń kọ̀wé nípa àwo orin kì í bọ́ lọ́wọ́ irú ẹjọ́ báyìí láàárín ẹbí.

Orin ìrántí ni. Ìyá wa ń pé ọdún kan tí wọ́n ti lọ, ọmọ yìí sì fẹ́ kí á ní orin kan tí a ó fi jó lọ́jọ́ náà, èyí tí ohùn ìyá àgbà rẹ̀ gan-an yóò wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo fún un ní kásẹ́ẹ̀tì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1984, mo gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ síwájú ìyá wa, mo ní kí wọ́n kì wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí a bá lọ kí wọn ní kùtùkùtù. Wọ́n kọ́kọ́ ń tijú ẹ̀rọ náà. Nígbà tó yá wọ́n gbàgbé pé ó wà ńbẹ̀. Àkùkọ kan tilẹ̀ kọ láàárín. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni ọmọ náà dà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, nínú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé ní Mushin. Ó gé ibi tí ìyá ti ń ki ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí gan-an, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orin. Ohùn tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí wá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń bi wá ni pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi yí ọ̀rọ̀ ìyá sẹ́yìn rárá. Èmi ní tèmi ní ẹ̀sùn mìíràn tí n kò tíì sọ jáde: yíyí tó yí i náà kò bọ́ sí àkókò. Gbogbo nǹkan tó yí sẹ́yìn nínú orin náà ló ń pẹ́ dé, bí àlejò tó wọlé nígbà tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí i pé ibì kan náà ni méjèèjì ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ohùn tó ń fi ẹ̀yìn rìn jẹ́. Bí ẹ bá fi ọ̀pá lu aro, ìyẹn àwo bàbà pẹlẹbẹ tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù òyìnbó, ọ̀gangan ìgbà tí ọ̀pá bà á ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ló ń rẹlẹ̀, tó ń rẹlẹ̀, títí etí ò fi gbọ́ ọ mọ́. Ẹ yí i sẹ́yìn, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni ohùn kan tó ń yọ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó ń wú, tó ń wú, tó sì gé lójijì bí ìgbà tí wọ́n bá pa ilẹ̀kùn dé. Orí rẹ̀ ti wà ní ìdí. Ìdí tó fi ń mú ara ẹni nà nìyẹn: etí ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, ó ń dúró dè é. Bí nǹkan ọ̀hún bá dé ní ọ̀gangan ibi tí ẹsẹ̀ oníjó fẹ́ balẹ̀ sí, ara á tuni pẹ̀sẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀, kó tilẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ẹ lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbàdí yín á ti mọ̀.

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o. Láti ọdún 1948 ni Pierre Schaeffer ti ń fi ohùn ọkọ̀ ojú irin àti oríṣiríṣi ariwo ṣe orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ní Parí, yíyí ohùn sẹ́yìn sì wà lára ọgbọ́n tí òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e lò. Ṣùgbọ́n àwọn Beatles ló gbé e dé etí mùtúmùwà ní ọdún 1966. Nínú "Rain," orin tó wà ní ẹ̀yìn àwo "Paperback Writer," ohùn John Lennon yí sẹ́yìn nígbà tí orin ń lọ sópin. Lennon ní òun ni òun ṣèèṣì fi téèpù sódì nígbà tí òun gbé e relé; George Martin tó ń darí iṣẹ́ wọn ní òun ni òun dá a lábàá. Àwọn méjèèjì ti kú, ẹjọ́ náà ò tíì parí. Ká sọ tòótọ́, n kò ka ti "Rain" yẹn sí bàbàrà. Ó dùn, ó pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdí orin ni wọ́n fi í sí, níbi tí kò ti ru ẹrù kankan. Bó pẹ́ dé, bó yá dé, kò sí ẹni tó máa bi í.

Èyí tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tó ń ṣe orin lọ jókòó tì ni "I'm Only Sleeping," tó wà nínú àwo Revolver lọ́dún yẹn kan náà. Gìtá George Harrison ló ń fi ẹ̀yìn rìn níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ta gìtá bó ṣe wù ú kó tó yí i padà. Ó kọ́kọ́ pinnu orin tó fẹ́ kí á gbọ́, ó yí àwọn ohùn rẹ̀ padà láti ìparí sí ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ta á bẹ́ẹ̀ nígbà tí téèpù orin ń fi ẹ̀yìn lọ, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá dá téèpù padà sí ipò, orin á máa lọ síwájú, gìtá nìkan ni á máa fi ẹ̀yìn bọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 1966, ní sitúdíò EMI tó wà ní Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ṣe é, ọ̀pọ̀ wákàtí ló sì gbà wọ́n, bẹ́ẹ̀ kẹ̀ ohun tí a gbọ́ nínú rẹ̀ kò gùn rárá.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí. Orin nípa ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni, gìtá náà sì ń dún bí ẹni tó ń yán: ẹnu là díẹ̀díẹ̀, ó là gbàgà, ó pa dé. Ibi tó ń pa dé sí yẹn ni iṣẹ́ wà. Ó ń bá orin pàdé ni, nítorí pé láti ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí ni ọkùnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, tó wá ń kà padà sí ibi tó ti máa gbéra. Bí èèyàn ò bá mọ̀ ju èyí lọ nínú ọ̀rọ̀ ohùn àyísẹ́yìn, ó ti tó o jẹ.

Jimi Hendrix náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1967 nínú "Are You Experienced," tí ìlù àti gìtá ń fi ẹ̀yìn rìn nínú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì ń ti orin síwájú. Ohun tó wúlò jù fún ẹjọ́ ilé wa ni "Work It," tí Missy Elliott àti Timbaland gbé jáde ní ọdún 2002. Obìnrin yìí sọ gbólóhùn kan, lẹ́yìn náà gbólóhùn kan náà ló yí sẹ́yìn. Àwọn kan rò pé èdè ilẹ̀ òkèèrè kan ló ń sọ. Ó bọ́ sí àkókò nítorí pé bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó ní lílọ náà ló gùn tó ní bíbọ̀, àyè tí àkọ́kọ́ gbà ni èkejì náà gbà. Ohun tó tún wù mí ni pé ó ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ní tààrà fún wa kó tó yí i. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà téèpù, èèyàn máa ń fojú rí àkókò ni, ó máa ń fọwọ́ kàn án. Ínṣì 15 ni téèpù tó wọ́pọ̀ ní àwọn sitúdíò ńlá máa ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí orin bá ń lọ ní kíkà 120 ní ìṣẹ́jú kan, kíkà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ni ínṣì méje ààbọ̀ téèpù. Wọn á fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ohùn ti ga jù, wọn á fi rúlà wọn ọ́n padà sẹ́yìn, wọn á fi abẹ gé e, bí télọ̀ ṣe ń gé aṣọ. Ẹni tó ti wọn nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè gbàgbé ibi tí orí rẹ̀ wà.

Lónìí ńkọ́? Nínú Ableton Live, lẹ́tà R ni ẹ máa tẹ̀, ó ti yí. Nínú FL Studio, tó ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù wá, tó ń jẹ́ FruityLoops nígbà tó jáde ní ọdún 1997, tí àìmọye ọmọ Èkó sì fi kọ́ṣẹ́, bọ́tìnnì kan ni. N kò bú ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní ìwà kan: ó ti fa ìlà sí ojú rẹ̀ fún kíkà kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá sì gbé ègé ohùn kan wá, ìbẹ̀rẹ̀ ègé náà ló máa ń fà lọ lẹ̀ mọ́ ìlà. Fún ohùn tó ń rìn bó ṣe yẹ, ire ni, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni orí rẹ̀. Fún èyí tó ń fi ẹ̀yìn rìn, ìrù ni kọ̀ǹpútà so mọ́ òpó, orí wà níbi tó wù ú.

Bí ti ọmọ wa ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Kíkà 100 ní ìṣẹ́jú kan ni orin rẹ̀ ń lọ tẹ́lẹ̀, kíkà kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.6. Aro tó yí sẹ́yìn gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 2.4. Ó gbé e síwájú kíkà mẹ́rin, ó bọ́ síbẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Oríire lásán ni, kò mọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní orin náà ń falẹ̀, ó bá sún un sí 112. Ìlù yára, dùùrù yára, gbogbo wọn tẹ̀ lé ìlà. Ṣùgbọ́n aro kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ègé ohùn ni. Bí ẹ kò bá ní kí kọ̀ǹpútà fún un pọ̀, bó ṣe gùn ló máa gùn. Kíkà mẹ́rin ti di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2.14, aro ṣì wà ní 2.4. Ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 0.26 pẹ́, ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì kíkà kan! Báwo ni ẹsẹ̀ ò ṣe ní kọlu ara wọn? Ọmọ náà ní òun gbọ́ pé nǹkan kan ò dáa, àmọ́ òun rò pé ìlù ni, ó sì ti lo ọjọ́ méjì tó ń yí ìlù tí kò ṣẹ̀ padà.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Ẹ tú ìlà tó ń fa nǹkan mọ́ra yẹn, ẹ fi ibi tí ohùn ti ga jù bá kíkà tí ẹ fẹ́, kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí ibi tó bá bọ́ sí. Bó bá gùn jù, iwájú ni kí ẹ ti gé e, níbi tó ti ń yọ́ bọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ẹni bá gé e lẹ́yìn ti bẹ́ ẹ lórí. Kí ẹ sì wo ohùn fúnra rẹ̀, ẹ má wo etí àpótí tí kọ̀ǹpútà yà yí i ká. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kékeré tó wà kí ọ̀pá tó ba aro á ti di àlàfo lẹ́yìn orí rẹ̀, àwọn fáìlì mp3 sì máa ń fi díẹ̀ kún irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rò pé etí àpótí bá ìlà mu, ohùn ti dé ṣáájú.

Ẹ tan rédíò ẹ gbọ́ ná, aro àyísẹ́yìn ti di bí ẹni tó ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n á fi síwájú ègbè kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún nínú orin kan. Bí olórin bá ti ṣèlérí lẹ́ẹ̀márùn-ún, ta ni yóò tún nà tan dè é? Ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn jàre.

Ó wá ku ohùn ìyá. Aro ní orí kan, ọ̀rọ̀ ní púpọ̀. Èdè òyìnbó tí a bá yí sẹ́yìn á dàrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìró òkè àti ìró ìsàlẹ̀ kọ́ ló ń ya ọ̀rọ̀ wọn sọ́tọ̀. Tiwa ńkọ́? Ẹ yí "oko" sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ẹ yí "ọkọ̀" sẹ́yìn, ohùn ìsàlẹ̀ á ṣáájú, kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ mọ́. Ẹ yí "ọkọ́" sẹ́yìn, ohùn òkè á wà lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá tí à ń kọ, kò sí ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì olóhùn òkè máa ń bẹ̀rẹ̀. Etí Yorùbá á gbọ́ ọ bí ẹni pé ènìyàn ni ń sọ̀rọ̀, á sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ohun tó ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ohun tó ba ẹ̀gbọ́n mi nínú jẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ìgbàgbọ́ asán. Ti dùndún tilẹ̀ tún burú jù. Ohùn òkè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra nìkan ni dùndún ní tó fi ń fọhùn. Mo ti gbọ́ orin tí wọ́n ti yí dùndún sẹ́yìn láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́: ohùn rẹ̀ ń wú fẹ̀ẹ̀, ó lẹ́wà, ẹnu rẹ̀ sì ti di pátápátá.

Nígbà tí mo ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá kì mí láti iwájú, orí mi á wú. Bí wọ́n bá kì mí láti ẹ̀yìn ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹjọ́ kan náà ni à ń rò. Ẹni tó ń ki ènìyàn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ gúnlẹ̀ sí. Orí ẹnì kan ni. Ọmọ wa kò wo ibi tí aro ń lọ, kò sì wo ẹni tí oríkì ń lọ bá.

Mo ní kó má yọ ohùn náà kúrò o. Ọgbọ́n kan wà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn oní-téèpù: ẹ yí ohùn sẹ́yìn, ẹ fi gbohùngbohùn sí i bí ìgbà tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ẹ gbà á sílẹ̀ tòun ti gbohùngbohùn, kí ẹ wá yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ ti padà sí ipò, ó ń lọ tààrà, gbohùngbohùn nìkan ló ń fi ẹ̀yìn rìn: ó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ dé. Ọmọ náà ṣe é lójú mi ní Mushin. Ó jẹ́ kí gbohùngbohùn gùn tó kíkà méjì, tíí ṣe ìṣẹ́jú àáyá 1.07 ní ìrìn 112, ó sì fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tí ìyá kọ́kọ́ pè bá kíkà àkọ́kọ́ mu. Lótìítọ́, ara mi bù máṣọ. Ẹ ó gbọ́ tí nǹkan kan ń wú bọ̀ láti òkèèrè, bí ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, kí ìyá wa tó ṣí ẹnu pe ọmọ wọn.

Orin náà ò pé o, kí n má parọ́. Ẹsẹ̀ kẹta gùn jù, báàsì sì ń bo akọrin mọ́lẹ̀. Mo sọ fún un, ó ní òun gbọ́, kò sì yí i padà.

Ní ọjọ́ Àìkú a tún jókòó sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ parí, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó tún un lù. Nígbà tó dé ibi àkùkọ, gbohùngbohùn ti kan òun náà, a ń gbọ́ ọ kó tó kọ. Ọmọ náà sáré ní, "Màmá, mo máa gé ìyẹn kúrò."

Wọ́n ní, "Má gé e. Adìẹ wa ni. Kristi ọdún yẹn la pa á jẹ."